Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re: ẹ sọ ọmọ ìlú tó wà fún kí ẹ tó sọ iye owó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Lórí àtòjọ bourse (owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́) tí ẹ máa ń gbé jáde lójú ewé ètò ẹ̀kọ́ la ṣe kọ̀wé yìí. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń kà á, wọ́n ń gé e pamọ́, wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Iṣẹ́ tí àwọn onífaransé ń pè ní assistant social là ń sọ: iṣẹ́ ẹni tó ń bójú tó ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíì tí ìyà ń jẹ, ìdílé tí nǹkan ti dojú rú fún, àkàndá ẹ̀dá, arúgbó tí kò lẹ́nìkan. Àtòjọ yín wúlò fún ọmọ Nàìjíríà. Fún ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀kùn tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti tì kó tó débẹ̀, kò sì sí ibi tí ẹ ti sọ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ọmọ orílẹ̀-èdè tí owó kọ̀ọ̀kan wà fún sí ìlà àkọ́kọ́.

Owó Commonwealth tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni ló hàn jù. Nàìjíríà àti Gánà wà nínú ẹgbẹ́ náà. Tógò àti Gàbọ́ọ̀n wọlé ní 2022. Bẹ̀nẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí náà kò sí bí máàkì ọmọ Kétu ṣe lè dára tó tí wọ́n á ka fọ́ọ̀mù rẹ̀. PTDF àti TETFund ńkọ́? Ti ìjọba Nàìjíríà ni. Yorùbá kan náà là ń sọ, ìwé ìrìnnà wa ló yàtọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wá láti Ìmẹ̀kọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Kétu lè ní ìwé ìlú méjèèjì lọ́wọ́. Kó mú ọ̀kan, kó sì dúró lórí rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù títí dé físà. Ẹni tó kọ Nàìjíríà sí fọ́ọ̀mù, tó wá fi ìwé ìrìnnà Bẹ̀nẹ̀ lọ gba físà, yóò rí i pé àwọn tó fún un lówó yóò béèrè ẹni tó jẹ́ gan-an.

Ohun kejì tó ń tan àwọn ọmọ jẹ ni orúkọ iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ "social work scholarship" sínú Google, ti Amẹ́ríkà ló máa kún ojú ewé. Àjọ CSWE, tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re níbẹ̀, ní fellowship kan tó gbajúmọ̀ fún àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ti ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ló wà fún. Owó tó gba ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kì í sábà jẹ́ orúkọ iṣẹ́ wa rárá. Abẹ́ ààbò ọmọdé ló máa ń wà, tàbí ìlera ará ìlú, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀rọ̀ obìnrin, ọ̀rọ̀ àkàndá, ìdàgbàsókè. Ní Faransé, kí wọ́n wá a pẹ̀lú intervention sociale, protection de l'enfance, politiques sociales, handicap, santé communautaire. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wá child protection, social policy àti development studies. Kí ọmọ wá ka àwọn kọ́ọ̀sì tó wà nínú ètò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí ẹ̀kọ́ lórí ìdílé, lórí òfin ọmọdé àti ìgbà iṣẹ́ ní pápá níbẹ̀, tirẹ̀ nìyẹn, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sórí rẹ̀.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bac (ìwé-ẹ̀rí ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama) kò tíì ní ohun púpọ̀ láti wá lókè òkun. Orí apresmonbac.bj, ojú-òpó ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ni kó ti kọ́kọ́ yan ẹ̀ka rẹ̀, kó sì ka iye àyè bourse tí ìjọba fi sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó tó tò wọ́n. Àwọn ibi bíi Tọ́kì wà tó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a sì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìlú Faransé ni ojú gbogbo ènìyàn wà, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe pọ̀ sí. Diplôme d'État d'assistant de service social jẹ́ ẹ̀kọ́ ọdún 3, àmọ́ inú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe bí IRTS ni wọ́n ti sábà ń kọ́ ọ, kì í ṣe yunifásítì. Bourse tó wà fún máásítà ní yunifásítì kò lè san owó rẹ̀. Ẹni tó ti ní licence (dígírì àkọ́kọ́), máásítà ni kó máa wá. Bourse Eiffel sì wà, tó jẹ́ ti máásítà àti dókítà (PhD), ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ béèrè fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbà á ló ń gbé orúkọ rẹ̀ lọ. Ní ti máásítà, ẹni tó ti ju ọdún 25 lọ kò wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kìíní ni gbèdéke Eiffel fún ilé-ẹ̀kọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti lè pa tirẹ̀ dé ní Oṣù Kọkànlá tàbí Kejìlá. Ọmọ tó bá dúró de Oṣù Kìíní kó tó kọ lẹ́tà sí wọn ti pẹ́ ju.

Ní tiwa, Erasmus Mundus ni ilẹ̀kùn tó ṣí jù fún ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni, kò bìkítà ìlú tí ènìyàn ti wá, máásítà ni, wọ́n sì máa ń ṣe é ní yunifásítì méjì ó kéré tán, ní orílẹ̀-èdè tó yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá gbà á kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì máa gba 1,400 euro lóṣù fún oṣù 24 ó pẹ́ tán. Nítorí pé euro 1 dúró lórí 655.957 sẹ́fà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 918,000 lóṣù. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti iṣẹ́ wa gan-an, tó dá lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́: ESWOCHY, tí yunifásítì Lusófona ní Lísíbọ̀n àti Mykolas Romeris ní Vilnius wà nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ níbẹ̀ kò pamọ́ fún ẹni tó bá kà á tán. Lọ́nà kìíní, owó ètò kọ̀ọ̀kan ní iye ọdún tí wọ́n fi ń fúnni. Ètò tí owó rẹ̀ ti tán lè máa jẹ́ Erasmus Mundus lọ, kó sì máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò sanwó fúnra rẹ̀. Inú àtòjọ tí Yúróòpù gbé jáde lọ́dún yẹn gan-an ni kí wọ́n ti wò ó, kí wọ́n má wò ó nínú ohun tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́nà kejì, owó ọkọ̀ òfurufú àti ti físà wà nínú 1,400 yẹn, kò sí àfikún. Oṣù àkọ́kọ́ kì í sì í wọlé títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi débẹ̀ tí yóò fi forúkọ sílẹ̀. Ẹbí ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí wọ́n ti ṣe àjọ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù bá ti lọ. Lọ́nà kẹta, ọmọ Nàìjíríà lè mú lẹ́tà wá láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ òun, níbi tí wọ́n bá ti gbà á. Ọmọ tó kàwé ní Abomey-Calavi tàbí ní Àjàṣẹ́ kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀; ó ní láti ṣe ìdánwò bíi IELTS tàbí TOEFL, èsì rẹ̀ sì ń lo ọdún 2 péré. Kó má ṣe é ní kùtù jù, kó má sì jẹ́ kó kù ọ̀sẹ̀ méjì kí ilẹ̀kùn tì. Ìgbà kan ṣoṣo ni ènìyàn ń gba owó yìí láyé rẹ̀.

Tọ́kì wá ńkọ́? Türkiye Bursları gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní lycée títí dé ẹni tó ń wá dókítà. Wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, owó oṣooṣù, tíkẹ́ẹ̀tì, àti ọdún kan láti kọ́ èdè Tọ́kì. Láti 10 Oṣù Kìíní sí 20 Oṣù Kejì ló sábà máa ń ṣí. Ẹni tó ń wá licence kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún 21, ti máásítà 30, ti dókítà 35. Yunifásítì Hacettepe ní Ankara ní ẹ̀ka iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re; Sosyal Hizmet ni wọ́n ń pè é nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ yẹn sì ni kí ọmọ wá. Ohun tó ń gé ọ̀pọ̀ kúrò ni máàkì. Wọ́n ń béèrè 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún licence àti 75 fún máásítà. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn jẹ́ 14 àti 15 nínú 20, nígbà tó jẹ́ pé 14 ni a ti ń pè ní "bien". Ó ro ni lára, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó ní 11.5 kó má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀.

Bẹ́ljíọ̀m àti Jámánì wà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́. Bourse ARES ti Bẹ́ljíọ̀m ka Bẹ̀nẹ̀ mọ́ àwọn ìlú rẹ̀, èdè Faransé sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìrírí iṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí ni kí ènìyàn múra láti fi hàn. DAAD ti Jámánì, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní EPOS, náà ń béèrè ọdún 2 iṣẹ́. Ìwé-ẹ̀rí tó gbẹ̀yìn kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún 6 lọ. Yunifásítì tó ni ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń kọ̀wé sí, kì í ṣe DAAD. Ní Mòrókò, ilé-ẹ̀kọ́ INAS wà ní Tanja fún iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re, ṣùgbọ́n bourse AMCI, ti ìjọba Mòrókò, ń gba ọwọ́ ìjọba wa kọjá. Ìkéde mínísítà ẹ̀kọ́ gíga ní Kútọnu ni kí ọmọ máa ṣọ́.

Kébẹ́ẹ̀kì ní Kánádà ń da àwọn ènìyàn láàmú nítorí ọ̀rọ̀ kan: exemption. Yunifásítì Montréal, Laval àti UQAM ní ilé-ẹ̀kọ́ travail social tó dára. Ẹni tó bá rí exemption kì yóò san àfikún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Kò sí ẹni tó máa fi owó sí i lọ́wọ́. Oúnjẹ, ilé, aṣọ òtútù, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ìjọba Kánádà yóò sì béèrè ẹ̀rí owó náà kó tó fún un ní ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá kọ sílé pé òun ti gba bourse nígbà tó jẹ́ exemption ló gbà, wàhálà ló kó bá bàbá rẹ̀.

Fún àwọn obìnrin, MMEG (owó ìrànwọ́ Margaret McNamara) wà, èyí tó dá lórí obìnrin tó ń kàwé láti tún ayé obìnrin àti ọmọdé ṣe. Ẹni ọdún 25 sókè ni, ó sì ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí ní yunifásítì tí wọ́n yàn ní Áfíríkà. Kò lè mú ẹnikẹ́ni jáde nílé. Ó ń ran ẹni tó ti débẹ̀ lọ́wọ́. Fellowship tún yàtọ̀ sí bourse. Humphrey ti Amẹ́ríkà jẹ́ oṣù 10, fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 5 ó kéré tán, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí dígírì níparí rẹ̀. Kí ènìyàn béèrè ní ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní Kútọnu bóyá ó ṣí lọ́dún náà.

Iye owó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Jámánì ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní bourse tó tó fi 11,904 euro sí báńkì fún ọdún kan, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.8 sẹ́fà. Faransé ń ka 615 euro lóṣù. Bourse tó bá kéré sí iye yìí kì í ṣe bourse tó tán. Ẹlòmíràn ni yóò fi èyí tó kù kún un, pẹ̀lú ìwé báńkì. Iṣẹ́ wa sì ní ìnira kan tí ẹ̀kọ́ mìíràn kò ní. Máásítà iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní wákàtí 900 ní pápá, ti licence jẹ́ 400. Wọn kì í sábà sanwó fún un. Ẹni tó ń ṣe é kò lè máa ṣiṣẹ́ alẹ́ kó sì wà láàyè. Nítorí náà, kó béèrè ṣáájú bóyá owó náà kan ọkọ̀ tí yóò máa wọ̀ lọ sí pápá.

Ó tó ọ̀rọ̀ owó. Fáìlì ló ń ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ níbí, orúkọ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ Oloufèmi sínú ìwé-ẹ̀rí bac rẹ̀, tí ìwé ìbí rẹ̀ sọ pé Olufemi, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ tún ṣíwájú níbì kan tó tẹ̀lé e níbòmíràn: lójú ẹni tó jókòó ní Brussels, ènìyàn mẹ́ta nìyẹn. Ìwé ìbí tí ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ará ìlú ní Bẹ̀nẹ̀, fúnni ni kí gbogbo nǹkan bá mu. Bí ìwé-ẹ̀rí bá yàtọ̀ sí i, àtúnṣe rẹ̀ kì í yá, nítorí náà ọdún tó ṣáájú ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà, bó ṣe wà níbẹ̀ láìfi àmì kankan kún un, ni kí wọ́n kọ sórí gbogbo fọ́ọ̀mù.

Máàkì ńkọ́? Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fúnra rẹ̀ sọ 12 nínú 20 di 60 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí wọn kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa 12 jẹ́ "assez bien". Ẹni tó bá ka 60 ní Amẹ́ríkà lè rò pé ọ̀dẹ̀ ni. Kó fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ àlàyé sẹ́yìn relevé (ìwé máàkì): 10 passable, 12 assez bien, 14 bien, 16 très bien. Bí wọ́n bá lè kọ ipò tó gbà nínú kíláàsì kún un, ìyẹn lágbára ju máàkì lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìwé stage, ìyẹn ìwé ìdánrawò. GUPS, ọ́fíìsì ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fún ààbò ará ìlú, tó ń jẹ́ CPS tẹ́lẹ̀, máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ìdánrawò ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn NGO náà sì ń gbà wọ́n. Ìwé tí wọ́n ń fún wọn jáde sábà máa ń jẹ́ ìlà méjì: ó wá, ó ṣe dáadáa. Kò wúlò. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe, kó gbé e fún ọ̀gá láti wò, kí wọ́n sì fi í sínú ìwé: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, iye wákàtí lọ́sẹ̀ àti àpapọ̀ rẹ̀, ìbẹ̀wò ilé, ìgbọ́ràn sí ìdílé, kíkọ ìròyìn, lílọ sí ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú ọmọdé. Kí òǹtẹ̀ àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i hàn ketekete. Lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì tó ti ọwọ́ ẹni tó rí ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́ jáde dára ju ti ọ̀gá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n lójú. Kí ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó sì sọ fún wọn pé ojú-òpó tí òun ti kọ fọ́ọ̀mù ni yóò fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn tààrà, tó lè wọ inú spam. Ọ̀pọ̀ fáìlì ló ń kú síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Lẹ́tà ìdí tí ènìyàn fi fẹ́ lọ ni àwọn tó ń yan ènìyàn ń fi ìṣọ́ra kà jù. "Mo fẹ́ràn àtiran ènìyàn lọ́wọ́ láti kékeré" kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ọmọ Kétu ní ohun tí ẹlòmíì kò ní: ẹnubodè tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá lọ ṣiṣẹ́ ní ibi ìfọ́kúta lápá Abẹ́òkúta, àti àṣà vidomègon (fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì) tó ti kúrò ní ìtọ́jú ẹbí di iṣẹ́ ẹrú níbòmíràn. Òfin ọmọdé ti 2015 wà nílẹ̀. Kí ó kọ ibi tí òfin yẹn ti ń já sílẹ̀ níwájú òun, ẹ̀kọ́ tí òun kò ní láti fi dí i, kọ́ọ̀sì wo nínú ètò náà ni yóò fún òun, àti ọ́fíìsì wo ni òun yóò padà sí. Kó má kọ orúkọ ọmọ, abúlé rẹ̀ tàbí ohunkóhun tó lè mú ká dá a mọ̀. Ìtàn tó ń mú omi wá sójú, tó sì tú àṣírí ẹni tó wá fún ìrànlọ́wọ́, ń fi han onídàájọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò tíì kọ́ òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà.

Nípa àwọn gbájú-ẹ̀, kò sí bourse tòótọ́ tó ń ní kí ènìyàn fi Mobile Money ránṣẹ́ kí wọ́n tó "tú owó rẹ̀ sílẹ̀". Àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó ni jìbìtì o. Yunifásítì kan lè gba owó fọ́ọ̀mù lórí ojú-òpó tirẹ̀, Campus France, ọ́fíìsì Faransé tó ń bójú tó ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ síbẹ̀, náà ń gba owó ètò. Ẹni tí kò ní lè kọ̀wé béèrè kí yunifásítì fi owó fọ́ọ̀mù jì í. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá béèrè kí ọjọ́ tó pé.

Bẹ̀nẹ̀ àti Brussels ń lo aago kan náà ní ìgbà òtútù wọn. Láti ìparí Oṣù Kẹta títí dé ìparí Oṣù Kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa, nítorí náà ilẹ̀kùn tó tì ní agogo méjìlá òru lọ́dọ̀ wọn ti tì ní agogo mọ́kànlá ní Kétu. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wó lulẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni kí fọ́ọ̀mù ti wọlé. Ẹni tí wọ́n bá fi sí liste d'attente (àtòjọ àwọn tó ń dúró de àyè) kó dáhùn ímeèlì náà lọ́jọ́ tó dé, kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì wà ní sẹpẹ́, nítorí àwọn tó wà lókè rẹ̀ máa ń kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá rí tibòmíràn. Ìpè rẹ̀ lè dé ní Oṣù Keje, kí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti fèsì.

Àwa olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re kan,
Kétu àti Àjàṣẹ́